Ìlà ni, ìran ni, àbí ọ̀sìn? Lórí orúkọ tí a ó fún cell line

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ cell line, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára ènìyàn, tó ń pín tó sì ń pọ̀ sí i nínú láàbù, tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. Àbúrò wa mú "ìlà sẹ́ẹ̀lì" wá, ẹ̀gbọ́n kan ní "ìran sẹ́ẹ̀lì", ìyá wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fara mọ́ "sẹ́ẹ̀lì àìkú". "Sẹ́ẹ̀lì ọ̀sìn" ni tèmi.

Ìlà kò ṣeé gbà rárá. Ìlà tí Yorùbá mọ̀ ni èyí tí wọ́n fà sílẹ̀, èyí tí wọ́n kọ sójú, tàbí èyí tí èèyàn tò sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bímọ.

Ìran sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ wa ní ìran tirẹ̀ tó ṣẹ̀ wá láti inú mùdùnmúdùn eegun, láìsí láàbù kankan ńbẹ̀. Ẹ tún wo cell line méjì tí wọ́n ń pè ní SW480 àti SW620. Ara ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ti yọ méjèèjì. Albert Leibovitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Scott and White, ní Temple, Texas, ló kọ nípa wọn ní 1976. Inú kókó jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni àkọ́kọ́ ti wá. Èkejì wá láti inú ọ̀kan lára àwọn kókó kéékèèké tó ń bá àrùn jà nínú ara, nígbà tí jẹjẹrẹ náà padà dé. Ìran kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀sìn méjì ni.

Àìkú ńkọ́? Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Leonard Hayflick, fi hàn ní 1961 pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kò ní jẹjẹrẹ máa ń pín ní nǹkan bí ìgbà 50, lẹ́yìn náà á dúró. Wọ́n ń sin irú wọn náà ní láàbù, wọ́n sì ń kú.

Ọ̀sìn ni ohun tí à ń bọ́, tí à ń tọ́jú, tó ń bí sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á fi sẹ́ẹ̀lì sínú ooru tó dọ́gba pẹ̀lú ti ara, wọ́n á da omi oúnjẹ pupa lé e lórí; bí omi náà bá di àwọ̀ ìyeyè, ó tó pààrọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni jẹjẹrẹ ìfun tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ mú signet ring, tí a lè pè ní jẹjẹrẹ olórùka: omi yíyọ̀ á kún inú sẹ́ẹ̀lì títí á fi ti kóró àárín rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí á wá rí bí òrùka èdìdì. Nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, bí ẹnì kan péré ló ń ní in. Sísìn ín ní láàbù kò sì rọrùn: kòkòrò tó ń gbé inú ìfun lè bá ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn wọ inú àwo, kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn ni yóò pọ̀ bo ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì gan-an.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà ARGO (African Research Group for Oncology), ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ń bá Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ní New York, ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Bí dókítà kan bá sọ fún bàbá àgbà níbẹ̀ pé, "A fẹ́ sọ ẹran ara yín di sẹ́ẹ̀lì àìkú," ẹ̀rù á ba bàbá, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì kọ̀. Bó bá ní, "Bàbá, a ó mú díẹ̀ nínú kókó tí a bá gé, a ó máa sìn ín ní láàbù, kí a lè mọ oògùn tó máa ràn án," ohun tí wọ́n ń tọrọ yé bàbá. Ẹni tó gba ewúrẹ́ sìn mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín, àti pé bó bá bímọ, wọ́n á jọ pín in. Bàbá náà lè wá béèrè ìpín tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún Henrietta Lacks, obìnrin tí wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ní 1951, láyè àtibéèrè; ó lé ní ogún ọdún kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, HeLa, ti kárí ayé.

Ó ku passage, ìyẹn kíkó sẹ́ẹ̀lì láti inú ìgò tó ti kún lọ sínú òmíràn. "Ìpààrọ̀ ìgò" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ kò sọ pé wọ́n pín in. Ta ló ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?