Ìdánrawò ni kí a pè é, kì í ṣe ẹ̀rọ àfarawé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka àwọn àbá tó wọlé lórí orúkọ tí a ó fún simulation, ìyẹn fífi ọmọláńgidi tàbí ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn gidi, nínú ìwé ìkọ́ni tí a ń túmọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Mẹ́ta ló ń jà dù ú: "ìtọ́jú ayédèrú", "ẹ̀rọ àfarawé" àti "ìdánrawò". Ìdánrawò ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ayédèrú kúrò. Oògùn ayédèrú ń pààyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ló sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Ta ni yóò gbọ́ "ìtọ́jú ayédèrú" tí kò ní fura?

Ẹ̀rọ àfarawé kò burú létí, àmọ́ ó gbé ẹ̀rọ ṣáájú iṣẹ́. David Gaba ti Yunifásítì Stanford, oníṣègùn tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, tó sì wà lára àwọn tó la ọ̀nà ìkọ́ni yìí, ti kọ ọ́ ní 2004 pé ọgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ wo bí èyí ṣe kan àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó. Òṣìṣẹ́ ìlera á lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí ọmọláńgidi oníkọ̀ǹpútà ti ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò bá irú rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni orúkọ ohun tó lọ kọ́, ó ti tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìdánrawò, ohun tó wà nílẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ó sì ṣeé ṣe. Ní 1759, Louis XV ọba Faransé fún agbẹ̀bí kan, Madame du Coudray, láṣẹ láti máa káàkiri ìgbèríko kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Aṣọ àti awọ ló fi rán ìbàdí ìyá àti ọmọ tó ń bọ̀. Lóde òní, ẹ wo NeoNatalie, ọmọláńgidi ọmọ tuntun tí wọ́n ń lò nínú Helping Babies Breathe, ètò ìkọ́ni nípa ríran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010 fún àwọn ibi tí ohun èlò kò pọ̀. Omi ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ tuntun. Olùkọ́ á máa fọwọ́ tẹ rọ́bà kékeré kan kí okùn ìwọ́ lè máa lù kìkì, á tẹ òmíràn kí ọmọ sunkún. Bó bá dákẹ́ títẹ̀, ọmọ ò mí nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú kan, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ ti nù ún gbẹ, kó ti fọwọ́ ra á lẹ́yìn, kó sì ti máa fi báàgì àti ìbomú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìdánrawò sún mọ́ ìdánwò jù, ẹ̀rù á ba àwọn èèyàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Nínú ìdánwò, ẹlòmíràn ló ń dán ọ wò, òun náà ló ń fún ọ ní máàkì. Nínú ìdánrawò, ara rẹ lò ń dán wò. Ohun tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn: kò sí máàkì níbí, àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni bá ṣe kò ní jáde kúrò ní yàrá yìí. Nọ́ọ̀sì àgbà tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń wò nílò láti gbọ́ ọ ju ẹnikẹ́ni lọ. (Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọmọláńgidi gba máàkì lóòótọ́, ẹ pè é ní ìdánwò, kó yé kálukú.)

Mi ò ní ká da àfarawé nù o. Nínú ìkọ́ni MamaNatalie, olùkọ́ á so ikùn rọ́bà mọ́ra, á máa rọbí, á sì máa ṣí omi pupa sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí, títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi ké sí olùrànlọ́wọ́, tí á sì fọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè sún kì. Ẹni yẹn ń fara wé ìyá. "Aláfarawé" tọ́ sí i.

Ẹni tó ní ọmọláńgidi tàbùkù iṣẹ́, tó fẹ́ "ère", kó rántí pé Asmund Laerdal tó ṣe Resusci Anne, ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń mú ẹni tí kò mí sọjí, jáde ní Nọ́wè ní 1960, ohun ìṣeré ọmọdé ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọláńgidi ni.

Debriefing ló kù, ìyẹn ìjíròrò tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe lẹ́yìn ìdánrawò. Àríwísí kò ṣeé lò, ẹ̀bi ló ń rùn. Àtúnyẹ̀wò rán èèyàn létí ìwé kíkà. "Àgbéyẹ̀wò" ni mo ń lò, àmọ́ kò gbé e dé ibi tí mo fẹ́, nítorí ìgbà yẹn, tí wọ́n jọ jókòó, tí olùkọ́ ń béèrè pé "Kí lo rí? Kí ló wá sí ọ lọ́kàn tó o fi ṣe báyẹn?", ni ẹ̀kọ́ ń wọlé jù. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè méjèèjì yẹn, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ ká tó parí orí kẹta.