Wàrà ewúrẹ́ mi kọ̀, kò dì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àdùkẹ́, Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́rin ni mo ní, ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kúkúrú ni gbogbo wọn, pẹ̀lú òbúkọ kan àti àgùntàn méjì tí kò tíì bímọ. Méjì nínú àwọn ewúrẹ́ náà bí ìbejì lóṣù tó kọjá. Ọmọ mi tó wà ní London ló ní kí n máa fi wàrà wọn ṣe yógọ́ọ̀tì, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dán an wò. Mo se wàrà, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo bu ṣíbí kan nínú yógọ́ọ̀tì tí mo rà lọ́jà sí i, mo fi aṣọ wé ìkòkò náà di àárọ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣàn bí omi ìrẹsì, kò kan rárá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rí bákan náà, ó tún ń rùn bí òbúkọ. Ife kékeré kan péré sì ni mo ń rí lára àwọn méjèèjì lójúmọ́. Níbo ni mo ti ṣì í? Àbí kí n ta wọ́n, kí n ra àwọn ewúrẹ́ Hausa gíga wọ̀nyẹn? Wọ́n ní àwọn yẹn ní wàrà. Ọ̀kan nínú tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ nítorí ọmú rẹ̀ tó wú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá.

Ọmọ Ìbàràpá
Màmá, ẹran ìlasa ni ewúrẹ́ ilé wa. Bí wàrà lẹ bá ń wá, ẹ ra màlúù.

Bàbá Àgbò, Ṣakí
Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má ta ẹran yín o. Èmi ra ewúrẹ́ pupa Sókótó mẹ́ta wá sí Ṣakí lọ́dún 2019. Lóòótọ́ ni wọ́n ní wàrà ju tiwa lọ, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló rí oṣù kẹfà. Ara àwọn kúkúrú tiwa ti mọ àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ara àwọn tòkè Ọya kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kì í fún ènìyàn ní ìdajì lítà lójúmọ́, kí ẹ má sì gbàgbé pé ìbejì ń mu nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ lálẹ́, mo fún wàrà ìyá wọn láàárọ̀, mo wá tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n mu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má yà á nípa.

Òórùn yẹn, òbúkọ yín ni. Ẹ so ó jìnnà sí àwọn abiyamọ. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ọmú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ da ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, ẹ sì tètè gbé wàrà náà sínú omi tútù. Ní ti oúnjẹ, ewé agunmaniye, ewé ìyeyè àti èèpo iṣu ni kẹ́ ẹ máa fún wọn. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ sá a gbẹ dáadáa. Tútù rẹ̀ ti pa àgbò kan mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Alájé Ìlọrin
Yógọ́ọ̀tì ni mo ń tà, wàrà màlúù ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Màmá, wọ́ọ́rọ́ tí ẹ sọ yẹn, báwo ló ṣe gbóná tó? Èmi máa ń gbé e dé 85 ti Celsius lórí ohun tí a fi ń wọn ìgbóná, mo máa ń rò ó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kó tó wá tutù dé 43. Bí ẹ ò bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ ti ìka tó mọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá. Bí ẹ bá fara dà á, ó ti tó.

Ọ̀pọ̀ yógọ́ọ̀tì ọjà ni wọ́n ti sè lẹ́yìn tó ti dì, ohun alààyè inú rẹ̀ ti kú, kò lè mú wàrà dì. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ live culture sí lára, ìyẹn ni pé ohun alààyè inú rẹ̀ kò tíì kú, tí kò ní ṣúgà. Ṣíbí ìjẹun méjì sí lítà kan. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wákàtí 6 sí 8. Ti ewúrẹ́ kì í ki bíi ti màlúù, àbùdá rẹ̀ ni. Ẹ fi aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí àgùntàn yín bá bí, ẹ óò rí yógọ́ọ̀tì tó ki!

Dókítà Ẹran
Ẹ ò ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ màmá. Màmá, abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un, ọjọ́ wo sì ni?

Ìyá Àdùkẹ́
Oxytetracycline ni, dókítà. Ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe yógọ́ọ̀tì. Mo da wàrà àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Dókítà Ẹran
Àjẹ́ yín nìyẹn. Oògùn tó ń pa kòkòrò inú ọmú tó wú, òun náà ló ń pa kòkòrò tó yẹ kó mú wàrà dì. Sísè kì í mú un kúrò tán. Ẹ máa fún ti ẹran yẹn dà nù títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn á fi pé, ẹ má mu ún, ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ máa se ti gbogbo àwọn yòókù o, àìsàn tí wọ́n ń pè ní brucellosis ń gba inú wàrà tí a kò sè ran ènìyàn. Ṣé wọ́n ti gba àjẹsára kata, àìsàn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí àwa ń pè ní PPR?

Ìyá Àdùkẹ́
Rárá, wọn ò tíì gbà á. Màá pe ẹni tó ń gún wọn lọ́la.

Ọmọ Ìbàràpá
Màlúù ni mo ṣì ń sọ o.

Ìyá Àdùkẹ́
Mo padà dé. Ti èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ nìkan ni mo lò, mo kó ti ọjọ́ mẹ́ta jọ sínú fíríìjì kó tó ìwọ̀n. Láàárọ̀ yìí mo dẹ ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣàn! Ó kan díẹ̀, kò rùn. Ọmọ mi ní kí n fi oyin sí i, bàbá wọn ti fi gààrí mu tirẹ̀. Alájé, omi tó sẹ́ jáde yẹn ńkọ́, ṣé kí n dà á fún ajá?

Alájé Ìlọrin
Ha! Ẹ fi po ògì.