Ta ló ti rí oògùn oníhóró fún àìtó ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà. Kíndìnrín màmá mi ti dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dín kù. Lórí àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́yìn àpáta Olúmọ, ṣe ni wọ́n ń di ògiri mú, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti funfun.

Dókítà ní kíndìnrín ló máa ń mọ̀ tí ọ́síjìn bá dín kù, tí á sì tú họ́mọ́ọ̀nù erythropoietin jáde, kí mùdùnmúdùn eegun lè ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i. Tiwọn kò tó mọ́, ni wọ́n fi ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo wá kà nípa HIF, ìyẹn purotéènì kan inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, ara á bà á jẹ́. Bí kò bá tó, á dúró, á sì ní kí họ́mọ́ọ̀nù yẹn jáde. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Semenza, Ratcliffe àti Kaelin ní 2019. Oògùn oníhóró roxadustat àti daprodustat kì í jẹ́ kí HIF bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti rí wọn rà ní Nàìjíríà? Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé kò ní léwu? Kí ni kí n bi dókítà ká tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀?