Fọ́tò ìyá àgbà lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ gbà mí o

Fọ́tò kan ṣoṣo tá a ní tó jẹ́ ti ìyá tó bí ìyá màmá mi, dúdú àti funfun, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ lóko, ó gbé ọkọ́ léjìká, ẹsẹ̀ ẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù pátápátá. Mo fi bíléèdì yọ etí kan, ló bá bó lára apá ọmọ tó kéré jù, mo yáa jáwọ́. Mo fi fóònù yà á, iná ń kọ mànà lójú gíláàsì. Ẹnì kan ní kí n rì í sómi, ẹlòmíì ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n rì í sómi ni, àbí kí n síkáànì ẹ̀ tòun ti gíláàsì?