Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtọ́sọ́nà lórí àyẹ̀wò aládàáṣe nínú Django

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Èmi ni wọ́n ní kí n tún ìtọ́sọ́nà tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun níbi iṣẹ́ wa kọ, apá tó dá lórí àyẹ̀wò aládàáṣe (kóòdù tó ń yẹ kóòdù wa wò) nínú Django, ohun èlò tá a fi ń kọ ìkànnì pẹ̀lú Python. Ibi tí mo há sí rèé.

Èyí tá a ní tẹ́lẹ̀ kàn ní kéèyàn lo TestCase, ìyẹn kíláàsì tí Django ní fún kíkọ àyẹ̀wò, ó parí. Kò sọ pé inú transaction kan (àkójọ iṣẹ́ lórí database tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé pa pọ̀ tàbí kó má wọlé rárá) ni TestCase ti ń ṣe àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì dá gbogbo rẹ̀ padà tó bá ṣe tán. Nítorí náà, ohun tá a bá so mọ́ transaction.on_commit, tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí transaction bá wọlé tán, kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí tí ímeèlì tí mo so mọ́ ọn ò fi lọ. Àṣé kò sóhun tó ṣe kóòdù mi! Láti Django 3.2 ni captureOnCommitCallbacks, tó ń kó ohun tá a so mọ́ on_commit jọ, tó sì lè mú kó ṣiṣẹ́ nínú TestCase, ti wà fún irú ọ̀ràn yìí. TransactionTestCase, kíláàsì àyẹ̀wò míì, náà lè yanjú ẹ̀, àmọ́ ńṣe ló máa ń nu àwọn tábìlì mọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń falẹ̀ bí ìgbín.

Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì yìí ni, àbí kí n fi àpẹẹrẹ tó kùnà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí i? Ọ̀gá mi ní àlàyé ló yẹ kó ṣáájú. Èmi ò gbà (ẹ má sọ fún wọn o). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ẹ̀ rí, níbo nínú ìtọ́sọ́nà yín lẹ fi setUpTestData (ibi tá a ti ń ṣètò dátà tí gbogbo àyẹ̀wò inú kíláàsì kan jọ ń lò) sí?