Ìbanilórúkọjẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe fún Kerry: lórí ọ̀rọ̀ "swiftboat"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i torí mo mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mi ò ní tètè dákẹ́, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ fẹnu kò sórí "ìbanilórúkọjẹ́" ni mo ní rárá, ẹ dúró ná. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àbúrò wa kan ló ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan nípa ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti 2004 sí Yorùbá, ó dé ibi tí wọ́n ti ní wọ́n "swiftboat" John Kerry, ló bá béèrè pé kí lòun máa kọ síbẹ̀. Ẹnì kan ní kó kọ "wọ́n bà á lórúkọ jẹ́", ẹlòmíì ní ìròyìn òfegè ni, bọ̀dá wa tó wà ní Houston ní kó kúkú gbé e bó ṣe wà. Ẹnì kan tiẹ̀ túmọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an, ó ní "ọkọ̀ ayára-bí-àṣá". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa rí ayára-bí-àṣá tí ò ní rò pé kọ̀ǹpútà lẹ ń wí? Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbá Kerry lórí.

Èmi ò lè sọ orúkọ ọmọ tí mi ò tíì rí ojú ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kerry lọ sógun Vietnam, òun ni ọ̀gá nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ń sáré lórí àwọn odò ibẹ̀, irú ọkọ̀ yẹn làwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń pè ní swift boat. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Silver Star, ó gba Bronze Star, ó tún gba Purple Heart mẹ́ta, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ó padà délé, ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ ní April 1971, ó ní ogun yẹn ò dáa, látìgbà náà ni inú ti ń bí àwọn ṣọ́jà kan sí i. Ó wá di 2004, òun àti George W. Bush ń du ipò ààrẹ, ogun Ìráàkì ń lọ lọ́wọ́, ohun tí Kerry sì gbójú lé jù ni pé òun ti jagun rí, nígbà tó jẹ́ pé ilé ni Bush wà lásìkò Vietnam, nínú ẹ̀ṣọ́ ojú òfuurufú ti Texas. Lóṣù July tí ẹgbẹ́ Democrat fà á kalẹ̀ ní Boston, sàlúùtù ló fi kí wọn.

August ló débẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Swift Boat Veterans for Truth gbé ìpolówó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìpínlẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ti kọ́kọ́ sanwó ẹ̀, Ohio, Wisconsin àti West Virginia. Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó síbẹ̀, bí èyí ṣe ń sọ̀rọ̀ tán lèyí ń gbà á, wọ́n ní àwọn bá Kerry ṣiṣẹ́, àwọn mọ̀ ọ́n, irọ́ ló fi gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò bá a wọ ọkọ̀ kan náà rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wà, ọkùnrin tí Kerry fà jáde nínú odò lójú ogun bọ́ sí gbangba ó ní òun lòun jẹ́rìí, ìwé àwọn ológun ojú omi fúnra ẹ̀ sì gbè é. Kódà John McCain tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Bush, tó ju ọdún márùn-ún lọ tó lò lẹ́wọ̀n ní Vietnam, bu ẹnu àtẹ́ lu ìpolówó náà. Kerry ò fúnra ẹ̀ dáhùn tààrà títí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá, kó tó lanu báyìí, àwọn oníròyìn ti ń fi nǹkan yẹn hàn lófẹ̀ẹ́ káàkiri, ẹni tí ò sí ní Ohio náà ti rí i.

Owó ńkọ́? Ẹni tó náwó jù síbẹ̀ ni Bob Perry, tó ń kọ́lé tà ní Texas, owó tó gbé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, àmọ́ èmi ò tíì rí ibòmíì tí wọ́n ti gba rìsíìtì rẹpẹtẹ tó báyìí lórí èké ríra. Àjọ tó ń bójú tó owó ìbò wá bu owó ìtanràn 299,500 dọ́là lé wọn ní December 2006, kì í sì í ṣe torí ohun tí wọ́n sọ o, torí pé wọn ò forúkọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Bush ti lo bí ọdún méjì lórí oyè lẹ́ẹ̀kejì nígbà yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa jà nìyí. Níbi àpérò ẹgbẹ́ Republican ní New York, ìparí August ọdún yẹn, àwọn kan lẹ pílásítà ojú egbò mọ́ra, wọ́n ya ọkàn aláwọ̀ àlùkò sí i lára, pé ọgbẹ́ pílásítà lásán ni Kerry fi gba Purple Heart. Ẹ wo nǹkan yẹn dáadáa. Wọn ò sọ pé ó jalè, wọn ò sọ pé ó lé obìnrin. Ibi tó ti níyì jù gan-an ni wọ́n lọ, àmì tó yẹ kó fi yangàn ni wọ́n sọ di ohun tí wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀sín. Tí aládùúgbò mi bá ní mo jẹ òun lówó, ó bà mí lórúkọ jẹ́. Tí mo bá gba ẹ̀bùn olùkọ́ tó dáńtọ́ jù, tí wọ́n wá kó olùkọ́ mẹ́wàá láti iléèwé kejì jọ láti wá búra pé àwọn mọ̀ pé mi ò mọ̀wé, tí ẹnì kan sì wà lẹ́yìn ilé tó ń sanwó máíkì, ìyẹn ti kọjá orúkọ bíbàjẹ́ lásán.

Torí náà ohun tí mo mú wá ni "ìfiyìbúni". Fi iyì ẹni bú ẹni. Ó tò bí ìfipábánilòpọ̀ ṣe tò, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á tú u láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn á ní bú ò ní kí ọ̀rọ̀ jẹ́ irọ́, mo gbà, irọ́ ò sí nínú orúkọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí orúkọ dá dúró fún orúkọ, kí gbólóhùn ṣe tiẹ̀. Yorùbá ò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù, a máa ń pín in ni.

Ní ti bọ̀dá Houston tó ní ká gbé "swiftboat" wọlé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó fi gbè é ò kéré. Ó rán wa létí pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí Adégòkè Adélabú sọ̀rọ̀ òyìnbó tó ní "peculiar mess" nínú tí àwọn ará Ìbàdàn sì sọ ọ́ di tiwọn, ó tún rán wa létí wẹ́tíẹ̀ ti 1965, tí wọ́n ń bu pẹtiróòlù sí ilé àti èèyàn lára. Ó ní ẹ̀yin náà ẹ ò ṣáà túmọ̀ ìyẹn. Òótọ́ ni, àwọn Amẹ́ríkà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti 1812 ni wọ́n ti sọ orúkọ Gómìnà Gerry ti Massachusetts di ọ̀rọ̀, "gerrymander", fún kéèyàn gé ààlà wọ́ọ̀dù bó ṣe máa wọlé. Ṣùgbọ́n bọ̀dá, àwọn tó ń sọ wẹ́tíẹ̀ gbóòórùn pẹtiróòlù yẹn. Ta ló gbóòórùn swift boat láàárín wa? Àǹtí mi tó ń dìbò ní Maryland, tó sì wà níbẹ̀ ní 2004, mo bi í lánàá, ó ní ṣé ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ wo Statue of Liberty ni.

Mo tún fẹ́ fọwọ́ kan "ìròyìn òfegè" kí n tó lọ, torí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dí gbogbo ihò. Ẹ rántí Springfield ní Ohio lọ́dún 2024, ọ̀rọ̀ pé àwọn ará Haiti ń pa ajá àti ológbò onílé jẹ. Obìnrin tó kọ́kọ́ gbé e sórí Facebook, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ, òun náà ò rí ajá kankan. Àhesọ nìyẹn, èmi sì máa ń gbọ́ "hẹ" nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó hẹ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tó ń sọ ọ́ kiri. Nígbà tó fi máa di 10 September tí Trump sọ ọ́ níbi ìjíròrò òun àti Kamala Harris, àwọn aláṣẹ ìlú ti ní kò sí ẹ̀rí kankan. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì jáwọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí tí àwọn kan fi ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ iléèwé àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni látòkèdélẹ̀, ajá kan náà, ológbò kan náà, àmọ́ ohun tí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀ ti yí padà. Lọ́wọ́ obìnrin yẹn àhesọ ni. Lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti là lóye tó tún ń sọ ọ́ torí ìbò, èké ni. Òyìnbó nílò misinformation àti disinformation kó tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwa ti ní tiwa tipẹ́, ẹ má wá pò ó pọ̀ mọ́ òfegè.

Ọ̀míì wà tí irọ́ ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀. Ní 1988, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ojú ẹ̀ han gbogbo Amẹ́ríkà láti fi ba ti Dukakis jẹ́, ìyẹn gómìnà Massachusetts tó ń bá Bush àgbà du ipò ààrẹ, lóòótọ́ ni wọ́n fún un láàyè kó lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ níta, lóòótọ́ ni kò padà, lóòótọ́ ló lọ ṣìkà. Àwọ̀ ara ẹ̀ ni ìpolówó yẹn ń tà. Kí lẹ máa pe ìyẹn? Èmi ò ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfegè kọ́.

Ti New Hampshire ní January 2024 rọrùn jù, ohùn Biden tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tó ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù pé kí wọ́n má jáde dìbò abẹ́lé, kí wọ́n fi ìbò wọn pamọ́ di November. Ayédèrú ohùn, ó tán. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ pàápàá, àwọn Democrat ló ti ń bá ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé apá kan ni mo dúró sí.

Ó dáa, àbúrò, bí mo ṣe máa kọ gbólóhùn rẹ nìyí: "Wọ́n kó ẹlẹ́rìí èké jọ, wọ́n fi iyì Kerry bú u, kó tó mọ̀, ó ti bọ́." Lókè, níbi àkọlé, kí o fi ìfiyìbúni síbẹ̀. Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni kíkọ ẹ̀, torí ọmọ mi kà á ní "ìfìyà-búni" lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ká fi àmì sí àárín, ìfi-iyì-búni, àbí ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kójú mọ́ ọn?