Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré Tó Fẹ́ Yí Líìgì Padà: Ẹ Kó Ohun Tí Ẹ Mọ̀ Síbí

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ ká kó jọ, pàápàá àwọn ti Division III, ìpele kẹta nínú NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀, tí kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìrànwọ́ nítorí eré. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń fi conference wọn, ìyẹn àkójọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bá ara wọn díje, sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Líìgì ni mo máa pè é, kí ọ̀rọ̀ lè yá. Ìwé ìròyìn máa ń gbé àwòrán ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá líìgì tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn àwòrán yẹn ni kí ẹ bá mi kọ: ìṣirò, ọkọ̀, ìwé àdéhùn, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Aṣètò eré

Orí ìṣirò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Division III, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ gbá ju eré 25 lọ ní sáà kan. Bí líìgì bá ní ẹgbẹ́ 10, tí gbogbo wọn ń pàdé lẹ́ẹ̀méjì, nílé àti lájò, eré 18 ti lọ nìyẹn. 7 ló kù tí kóòṣì lè fi wá alátakò tó wù ú. Bó bá bọ́ sí líìgì ẹlẹ́gbẹ́ 12 tó ń ṣe bákan náà, 22 ti lọ, 3 péré ló kù. Láti sáà 2024-25 ni NCAA ti ń fi òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ NPI yan àwọn tí yóò wọ ìdíje orílẹ̀-èdè nínú àwọn tí kò gba ife líìgì wọn, òṣùwọ̀n náà sì ń wo bí alátakò rẹ ṣe lágbára tó. Eré 3 yẹn kì í ṣe ohun tí kóòṣì lè fi gbá ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é.

Ti football Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré 10 ni gbogbo sáà. Líìgì ẹlẹ́gbẹ́ 10 jẹ́ eré 9, ọ̀kan ló kù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni wọ́n máa ń gbá a. Jẹ́ kí ẹnì kan kúrò kí wọ́n ku 9: eré líìgì di 8 fún kálukú, ẹnì kan yóò sì jókòó sílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé 9 kò ṣe é pín sí méjì-méjì. Ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá ló wà nínú ìyọnu, torí gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà nínú eré líìgì wọn nígbà náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó kù sẹ́yìn fi máa ń bínú ju bí ẹni tó ń lọ ṣe rò lọ.

Ohun kan tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ìwé àdéhùn ọlọ́dún méjì: wá sílé mi lọ́dún yìí, kí n wá sílé rẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Líìgì tuntun gba ọjọ́ yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́dún kejì, owó ìtanràn sì wà nínú ìwé náà. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń ronú àtilọ ni kí ẹ ti máa kọ gbólóhùn kan sí gbogbo àdéhùn tuntun pé bí líìgì bá yí padà, ẹnikẹ́ni lè jáde láìsan nǹkan kan.

Alákòóso ọkọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìṣirò yín péye, ṣùgbọ́n ojú títì ló ń dá ẹjọ́ náà. Kò yẹ kí ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ kankan buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó tẹ́ máàpù sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ńlá kan ń gba èrò 56. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin àti ti ọkùnrin, nǹkan bí eléré 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kóòṣì, àwọn olùtọ́jú ara àti ẹni tó ń kọ ìròyìn eré, gbogbo rẹ̀ kì í ju 45 lọ. Ọkọ̀ kan gbà wọ́n, tí líìgì bá ń fi obìnrin ṣíwájú ọkùnrin nínú gbọ̀ngàn kan náà lálẹ́ kan náà. Bí líìgì tuntun bá pín wọn sọ́tọ̀, ọkọ̀ di méjì, owó rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Football nìkan ń gba bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ẹrù.

Òfin ìjọba àpapọ̀ wà fún awakọ̀ èrò: lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 8 gbáko, kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 10 lọ. Bí àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ bá sì ti pé 15, kò gbọ́dọ̀ di sítíárì mú mọ́. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà tó wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 30. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 9, lórí ìwé ó wọlé. Gosiló díẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe, ẹ ti kọjá 10. Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí, ṣùgbọ́n yìnyín tí wọ́n ti kéde láti àná kò sí lára rẹ̀. Nítorí náà, ibi tó bá ti lé ní wákàtí 4, ẹ kọ owó awakọ̀ kejì tàbí ti hòtẹ́ẹ̀lì sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ eré ni ẹ ó máa wá a.

Ọjọ́rú àti Sátidé ni ọ̀pọ̀ líìgì kékeré ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àwọn tó wà láàárín wákàtí 2 sí Ọjọ́rú, kí àwọn ọmọ lè lọ sí kíláàsì òwúrọ̀ kí wọ́n sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Àwọn tó jìnnà, Sátidé ni tiwọn. Bí líìgì tuntun kò bá ní ju ẹyọ kan lọ tó wà nítòsí yín, Ọjọ́rú yóò di ìyà, àwọn olùkọ́ kíláàsì ló sì máa kọ́kọ́ pariwo. Àwọn líìgì tó fẹ̀ máa ń so ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó sún mọ́ra pọ̀: ẹ gbá ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ sun hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ kan, ẹ gbá èkejì lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń dín ìrìnàjò kù, ṣùgbọ́n kíláàsì ọjọ́ Ẹtì ti lọ.

Akọ̀wé líìgì

Máàpù yẹn ló tú líìgì kan tó ń jẹ́ SCAC ká. Nígbà kan ó nà láti Colorado dé Georgia, ó dé Indiana lókè àti Texas nísàlẹ̀. Ní 2012, ilé-ẹ̀kọ́ 7 jáde lẹ́ẹ̀kan náà: Birmingham-Southern, Centre, Hendrix, Millsaps, Oglethorpe, Rhodes àti Sewanee. Berry dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì dá líìgì tuntun tó ń jẹ́ SAA sílẹ̀. Àwọn tó kù ní SCAC ní láti wá ẹgbẹ́ tuntun kíákíá.

Kí ló dé tó fi ní láti yá bẹ́ẹ̀? Nítorí àyè tí ẹni tó gba ife líìgì fi ń wọ ìdíje orílẹ̀-èdè láìdúró de ìgbìmọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, líìgì Division III gbọ́dọ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ 7 nínú eré kan kó tó ní àyè yẹn. 6 ni wọ́n ti sọ ọ́ dà báyìí. Eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà lọ́tọ̀. Líìgì lè ní ilé-ẹ̀kọ́ 9, kí 5 péré nínú wọn máa gbá football. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹni tí yóò wá gbá eré kan ṣoṣo, bí Trinity ti San Antonio ṣe gbá football nínú SAA fún ọdún púpọ̀ kó tó wọlé pátápátá.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé: ààrẹ méjì yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, lẹ́tà ìbéèrè yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú iye akẹ́kọ̀ọ́, eré tí ẹ ní àti ìnáwó yín. Àwọn aṣojú líìgì yóò wá wo pápá, àwọn ààrẹ yóò dìbò, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni wọ́n sì sábà máa ń wọlé. Ẹ ka òfin líìgì àtijọ́ kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí. Gbèdéke ìwé ìfilọ̀ wà níbẹ̀, owó ìjáde sì wà. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ lè fi odidi ọdún kan dúró.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti eré aláìlílé. Líìgì tuntun kò ní wrestling, tàbí kò ní ìwẹ̀ odò, àwọn ọmọ yẹn kò sì ní ibi tí wọ́n máa gba ife. Wọn ò sì lè pa eré náà rẹ́ bó ṣe wù wọ́n: Division III ń béèrè eré 5 fún ọkùnrin àti 5 fún obìnrin níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ju 1,000 lọ, 6 àti 6 níbi tó bá jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ilé fún wọn kí ẹ tó kéde.

Aṣètò eré

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó jáde ló fẹ́ jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Thomas ní Minnesota wà lára àwọn tó dá líìgì MIAC sílẹ̀ ní 1920, ní 2019 wọ́n ní kó máa lọ nítorí ó ti tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ní 2017, 97 sí 0 ló na St. Olaf nínú football. Division I, ìpele tó ga jù, ló bọ́ sí tààrà ní 2021.

Òṣìṣẹ́ pápá

Kékeré ni tèmi. Àmì líìgì wà lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, lára tábìlì àwọn tó ń kọ máàkì, lára jẹ́sì. Àmì ilẹ̀ kò ṣe é há kúrò lásán: wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ bó ilẹ̀ náà, kí wọ́n kun ún, kó gbẹ. Oṣù kẹfà ni kí ẹ ti dá ọjọ́ fún oníṣẹ́, nítorí ẹgbẹ́ vólíbọ́ọ̀lù ń padà dé ní oṣù kẹjọ. Ẹ béèrè iye tí líìgì tuntun ń san fún rẹfirí, àti bóyá ó ti ta ẹ̀tọ́ fídíò fún iléeṣẹ́ tó ń gbowó. Àwọn òbí tó ń wo ọmọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Maryland tàbí Houston yóò fẹ́ mọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé líìgì

Ìwé ìfilọ̀ kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kógbá sílé. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2024 ni Birmingham-Southern tì pa, nígbà tí ẹgbẹ́ baseball wọn wà ní Eastlake, Ohio, nínú ìdíje àṣekágbá. Gbogbo ẹni tó ní ọjọ́ pẹ̀lú wọn nínú SAA ló ní àlàfo láti dí. Ẹ tọ́jú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bíi mẹ́fà tí kò jìnnà ju wákàtí 3 lọ, tí wọn kò sí nínú líìgì yín, kí ẹ sì mọ ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ wọn ń dilẹ̀.